Òkúta Tó Wọ Ẹnu

Bàbá mi kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀rọ̀ kan
tí àwọn tó kàwé ní Ẹ̀pẹ́ kò mọ̀.
Bí òjò bá ti gbẹ́ kòtò sójú títì wa,
tí ọ̀dà tí wọ́n dà léṣìí ṣí kúrò bí èépá egbò,
á fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sísàlẹ̀:
"Ẹ wò ó. Makadáàmù nìyẹn.
Kò tíì lọ síbì kankan."

Ẹ̀pẹ́ kò ní òkúta.
Iyanrìn la ní, àti ọ̀sà, àti ẹja.
Lọ́rì onípákó ló ń ru òkúta bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn,
á dà á sílẹ̀ ní Pókà, gbì,
bí ẹni da gbèsè síni lọ́rùn.
Àwọn obìnrin á jókòó tì í, wọ́n á nà ẹsẹ̀,
òòlù lọ́wọ́, eruku lójú,
ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn wọn náà á funfun bí ẹni yí nínú ẹfun.
Páànù mẹ́wàá, tọ́rọ́ kan.

Fọ́mánù Òkéṣọlá ló ní òfin:
ti ìsàlẹ̀, kó tó ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé;
ti òkè, kó kọjá nínú òrùka irin.
Ọjọ́ tí òrùka náà jábọ́ sínú ọ̀sà,
ẹnu bàbá mi ni wọ́n yá.
Bùsárì Ògúnmọ̀dẹdé, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
ó ń la ẹnu láàárọ̀, ó ń la ẹnu lọ́sàn-án,
wọ́n ń ki òkúta bọ̀ ọ́, wọ́n ń yọ ọ́.
Èyí tí kò bá wọ̀, ẹ tún un fọ́.
Eyín iwájú rẹ̀ kan kán níbẹ̀.
Ìjọba kò san owó eyín.

Òyìnbó kan a máa gun kẹ̀kẹ́ wá lọ́jọ́ Jímọ̀.
Á wo ojú ọ̀nà, á mi orí,
á ní, "Makadáàmù,"
á sì yí kẹ̀kẹ́ padà.
Kí ló wí?
Àwọn kan ní èpè ni.
Sàídì tó ń kó iyanrìn ní orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni.
Ṣùgbọ́n bàbá mi, tí òkúta wà lẹ́nu rẹ̀,
tí òógùn ń wọ̀ lójú,
gbọ́ ọ ní Yorùbá pọ́ńbélé:
Má ka ìdààmú.
Ó ní àánú ọkùnrin náà ṣe òun.
Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi ń kíra lẹ́nu iṣẹ́,
bí oòrùn bá ti kanrí: "Makadáàmù o!"
"Makadáàmù, ara mi!"
títí ọ̀nà fi dé Ìlárá.

Ọdún méjì sẹ́yìn, Ṣẹkínátù àbúrò mi tó ń kọ́ni níwèé
jókòó tì í, ó ṣàlàyé fún un:
"Bàbá, orúkọ ènìyàn ni.
Ará ìlú òtútù kan, òun ló ronú ẹ̀
bí òkúta wẹ́wẹ́ ṣe lè di ara wọn mú
láìsí sìmẹ́ńtì."
Bàbá dákẹ́. Ó fi ahọ́n wá àlàfo eyín náà.
"Àwọn òbí rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"
"Àwọn ni."
"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ìdààmú ti wà nílé wọn nígbà náà."

Wọ́n ń tú ọ̀nà náà báyìí.
Kátápílà aláwọ̀ òféèfé ń wú òkúta bí ẹni wu iṣu,
típà ń gbé e lọ, wọn ò sọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ.
Bàbá ti lo oṣù mẹ́rin nínú ilẹ̀.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣa ẹyọ kan,
mo fi etí ìró nù ún,
mo jù ú sẹ́nu.
Ó wọ̀.
Awakọ̀ típà yọrí: "Ìyá, kí lẹ̀ ń jẹ?"
Ẹnu mi kún.